Kíkọ́ ìwakọ̀ òfurufú pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́: ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn lè ṣe é bí àyè bá ṣe gbà á?

Akápò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà náà kọjá bá mi dá sí i. Ọmọ ọdún 38 ni mí, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, mo sì ní ọmọ méjì nílé. Láti kékeré ni ó ti ń wù mí láti wa bàálù. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ gba ẹ̀kọ́ ìtọ́wò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan, olùkọ́ sì jẹ́ kí n di ọwọ́ ìdarí mú fúnra mi nígbà tí a ti wà lókè. Ìka méjì péré ni mo fi tì í sí apá ọ̀tún, bàálù náà sì dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ilẹ̀ rọra dagun lábẹ́ wa. Kò tíì kúrò lójú mi títí di òní.

N kò fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni ni mò ń wá, èyí tí èèyàn lè fi gbé ẹbí àti ọ̀rẹ́ láì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀, tó ń tẹ̀ lé òfin Amẹ́ríkà, sọ fún mi pé kí n máa wá nígbà tí àyè bá gbà mí, pé ẹnikẹ́ni kò ní lé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ti bẹ̀rẹ̀ rí sọ pé ẹni tó bá ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kì í parí láéláé. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Àwòdì-Òkè:

Ẹ kú ìpinnu rere, Akápò. Ọdún 17 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìwakọ̀ òfurufú, ó sì ju ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ tí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Òótọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà sọ fún yín, àmọ́ kò sọ ọ́ tán.

Òfin kò dá ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ parí. Wákàtí ni ó ń kà. ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú, fi wákàtí 40 ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún ìwé àṣẹ aládàáni. Orí 40 náà ni Amẹ́ríkà dúró sí, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ EASA, àjọ tó ń rí sí ààbò òfurufú níbẹ̀, ń béèrè 45. Ọ̀nà méjì ni Amẹ́ríkà là sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Part 141 ní ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba ti fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wákàtí rẹ̀ sì lè dín kù sí 35. Part 61 ni èyí tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ máa ń ṣètò bí ó bá ṣe bá wọn lára mu, òun ni ó sì sàn jù fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Nínú 40 yẹn, ó kéré tán 20 gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú olùkọ́, 10 sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀yin nìkan dá fò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi 40 ṣírò owó yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó ń lo 60 sí 70 kí wọ́n tó ṣe tán, àlàfo tó wà láàrin ẹ̀kọ́ kan àti èkejì sì wà lára ohun tó ń fà á jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbalẹ̀ ṣàlàyé. Nígbà tí ó bá ku bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ogún kí bàálù kékeré kan ilẹ̀, awakọ̀ á ti fa agbára ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, á wá máa rọra fa ọwọ́ ìdarí sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí imú bàálù lè máa gbé sókè díẹ̀díẹ̀, kí eré sì máa tán lára rẹ̀, títí àwọn táyà ẹ̀yìn yóò fi fẹnu kan ilẹ̀. Bí ó bá fà á yá jù, bàálù á tún gbéra díẹ̀, eré á tán nígbà tí ilẹ̀ ṣì jìnnà, á sì já lulẹ̀ gbì. Bí ó bá pẹ́ jù, táyà iwájú ni yóò kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, ìyẹn sì máa ń ba bàálù jẹ́. Kò sí ìwé tó lè kọ́ ojú yín ní ìwọ̀n yẹn. Ojú fúnra rẹ̀ ni ó máa kọ́ ọ nípa rírí i léraléra, òun náà sì ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò sá lọ bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó padà wá. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ máa ń bá ìmọ̀ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ máa ń fi apá kan nínú ẹ̀kọ́ wá èyí tó sọnù. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó ń san owó rẹ̀ nígbà gbogbo. Nítorí náà, ẹ rìn bí agbára yín bá ṣe mọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́wàá kọjá láì fò.

Ìyá Ìbejì:

Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ Àwòdì-Òkè, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni àyè ń gbà á ka ọ̀rọ̀ yẹn, kí ó sì tìtorí rẹ̀ pa ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ tì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni èmi fi kọ́ ọ, ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Oṣù 26 ni ó gbà mí, wákàtí 74 ni ó sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ́jọ́ tí mo yege. Mo gbà pé ó gùn, mo sì gbà pé ó ná mi ní owó ju bí ó ti yẹ lọ. Síbẹ̀, ìwé àṣẹ tí wọ́n fún mi kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó fi oṣù mẹ́ta gbà á. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun tó gbà mí ni ohun tí mo ń ṣe láàrin ọ̀sẹ̀. Ní alaalẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, mo máa ń jókòó sórí àga onígi kan, mo lẹ àwòrán pátákó iwájú bàálù mọ́ ògiri, ọwọ́ òsì mi á di ìdérí ìkòkò mú bí ọwọ́ ìdarí, ọwọ́ ọ̀tún á wà lórí ìgò kan tí mo fi ṣe ọ̀pá agbára ẹ́ńjìnnì. Màá wá fò yí pápá ká láti ìgbéra dé ìbalẹ̀, màá sì máa sọ gbogbo rẹ̀ síta: ibi tí mo máa dín agbára kù, ibi tí mo máa sọ ìyẹ́ ẹ̀yìn apá kalẹ̀, iye tí eré gbọ́dọ̀ jẹ́, ohun tí mo máa sọ lórí rédíò àti ìgbà tí mo máa sọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni ìyípo kan. Bí mo bá sì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lọ́nà ibi iṣẹ́, Alfa, Bravo, Charlie, àwọn ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ fi ń pe lẹ́tà A, B, C lórí rédíò, ni mo fi ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú mi, títí ó fi di pé n kì í ronú kí n tó sọ ọ́ mọ́.

Àwòdì-Òkè:

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun púpọ̀. Àga yẹn gan-an ni ó jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún yín. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ẹ ń fò lọ́sẹ̀, ẹyọ kan ni ẹ ń san owó rẹ̀. Imú ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ sọ kì í kúrò lẹ́nu ọgbà láti ọjọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa pa bàálù rẹ́ kúrò lọ́kàn láti Àbámẹ́ta kan dé èkejì ni mò ń bá wí.

Arìnrìnàjò:

Èmi ni irú ọ̀rẹ́ tí Akápò ń sọ yẹn, mo sì fẹ́ kí ó mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wákàtí 31 ni mo ní, láàrin ọdún mẹ́rin, mo sì ti dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìgbà àkọ́kọ́, owó ni. Bí owó oṣù bá wọlé, màá fò lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara wọn, owó á tán, màá sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìgbà kejì, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà nígbà náà pààrọ̀ olùkọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàrin ọdún kan, torí pé àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ ń ṣa wákàtí jọ kí wọ́n lè gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá. N kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n olùkọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan ní láti fi ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta mọ ọwọ́ mi kí ó tó lè fọkàn tán mi, èmi ni mo sì ń san owó ìdánimọ̀ náà. Èyí tó dùn mí jù ni ìdánwò orí ìwé. Mo yege nínú rẹ̀ pẹ̀lú 91, inú mi dùn, mo wá fi í sílẹ̀ títí oṣù 24 fi pé lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wúlò mọ́ fún ìdánwò òkè, àtúnṣe ni mo ní láti ṣe.

Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, màá kọ́kọ́ tọ́jú owó tí yóò gbé mi dé ibi tí màá ti dá fò jọ, kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan. N kò sì ní san gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ẹ̀kọ́ bá ẹ̀kọ́ ni màá máa san. Màá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ lójúkojú pé títí di ìgbà wo ni ó máa wà níbẹ̀.

Akápò:

Arìnrìnàjò, ẹ ṣeun tí ẹ kò fi èyí pamọ́. Ó ṣe mí láàánú, ó sì là mí lójú. Ìbéèrè méjì ni ó kù lọ́kàn mi. Mo ń lo awò ojú. Ṣé ìyẹn kò ní dí mi lọ́wọ́? Ìgbà wo sì ni ó yẹ kí n ṣe ìdánwò orí ìwé, kí tèmi náà má bàa pẹ́ jù?

Àwòdì-Òkè:

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera kí ẹ tó ná owó ńlá kankan. Mo ti rí ẹni tó lo wákàtí 20 kí ó tó mọ̀ pé òògùn kan tí òun ń lò lójoojúmọ́ yóò dá òun dúró. Awò ojú kò burú. Ìwé ìlera ìpele kẹta ni Amẹ́ríkà ń béèrè fún irú ìwé àṣẹ yìí, ó sì gba kí ojú ríran ní ìwọ̀n 20/40 lọ́ọ̀ọ́kán (kí ẹ lè rí láti ẹsẹ̀ bàtà 20 ohun tí ojú tó dá ṣáká ń rí láti 40), ìbáà jẹ́ pẹ̀lú awò tàbí láìsí i. Níwọ̀n bí ẹ kò ti tíì pé ẹni 40 ọdún, oṣù 60 ni ìwé ìlera náà yóò lò. Ẹni tó bá ti pé 40, oṣù 24 ni tirẹ̀.

Ìdánwò orí ìwé jẹ́ ìbéèrè 60, ẹni tó bá gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti yege. Yúróòpù pín tiwọn sí ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án, 75 sì ni wọ́n ń béèrè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó ṣe ìdánwò náà títí ẹ óò fi rí i pé ó ti ń súnmọ́ kí ẹ dá fò. Ìwé kíkà ni apá tó jẹ́ tiyín pátápátá nínú ọ̀rọ̀ bí-àyè-bá-ṣe-gbà yìí: kò gba bàálù, kò gba ojú ọjọ́, kò gba olùkọ́.

Ẹ má sì kà á nítorí ìdánwò nìkan. Ọ̀pọ̀ ló rò pé nígbà tí eré bá ti kéré jù nìkan ni apá bàálù ń kọ̀ láti gbé e dúró. Igun tí apá fi ń kojú afẹ́fẹ́ ni ó ń fà á. Bí igun náà bá ti kọjá ààlà rẹ̀, tó máa ń jẹ́ nǹkan bí dígírì 15 sí 18 lórí àwọn bàálù kékeré, afẹ́fẹ́ kò ní lè fà mọ́ ẹ̀yìn apá mọ́, ìbáà jẹ́ pé eré ṣì pọ̀. Bí ẹ bá dagun bàálù ní dígírì 60 láì jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀, ìwúwo tí apá ń gbé di ìlọ́po méjì, eré tí apá yóò fi kọ̀ sì ga sókè pẹ̀lú nǹkan bí 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí a fi ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má ṣe fi ipá dagun nígbà tó bá ń yí sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti súnmọ́ tí eré sì ti kéré. Ẹni tó bá ti mọ èyí dénú láti ilé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo nílò láti fi hàn án lókè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, odindi ẹ̀kọ́ kan ni.

Ọmọ-Alágbẹ̀dẹ:

Nǹkan kan wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà, òun ni àárẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́ kì í dé pápá bí ẹni tó sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo márùn-ún, oòrùn ti ń lọ, mo sì fẹ́ tètè gbéra. Olùkọ́ mi ní kí n yẹ bàálù wò bí mo ti ń ṣe é. Lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan ni ihò kékeré kan wà tí a fi ń bu epo wò sínú ife tó mọ́ gaara. Epo tí àwọn bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kékeré sábà máa ń lò, 100LL, àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fún un, kí èèyàn lè dá a mọ̀. Mo bu ti apá òsì, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó dára. Nígbà tí mo dé apá ọ̀tún, ọkàn mi sọ fún mi pé ìkan ni gbogbo rẹ̀, kí n máa lọ. Mo bù ú náà ṣá. Ní ìsàlẹ̀ ife yẹn, ìṣù omi kan tó tóbi tó ẹ̀wà wà níbẹ̀, kò ní àwọ̀ kankan, ó ń yí kiri lábẹ́ epo búlúù bí mo ti ń mi ife náà. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ó máa ń wà, ìsàlẹ̀ náà sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bù ú dà nù kí ó tó mọ́.

Olùkọ́ mi kò bá mi wí. Ó kàn béèrè pé ṣé mo ṣì fẹ́ fò lónìí. Mo ní rárá, a sì wọ inú ilé lọ ka àwòrán ilẹ̀ fún wákàtí kan. Lójú tèmi, ohun tí kíkọ́ ọ bí àyè bá ṣe gbà fi dára jù nìyẹn: kò sí ẹni tó ń lé yín bọ̀, ẹ lè sọ pé kì í ṣe òní.

Ìyá Ìbejì:

Ọmọ-Alágbẹ̀dẹ, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ife yẹn. Ìdí tí mo fi mú àárọ̀ Àbámẹ́ta nìyẹn. Afẹ́fẹ́ a máa dákẹ́ láàárọ̀, ara èèyàn náà a sì ti sinmi.

Arìnrìnàjò:

Ṣé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí bàálù lè rọ́pò àga Ìyá Ìbejì? Mo ní ọ̀kan nílé.

Àwòdì-Òkè:

Ó dára fún kíkọ́ ìlànà, rédíò àti bí a ṣe ń wá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́ ojú láti tẹjú mọ́ àwọn aago iwájú, nígbà tó jẹ́ pé ìta ni ẹni tó ń kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wò, níbi tí òfúrufú àti ilẹ̀ ti pàdé. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi bébà bo àwọn aago náà.

Akápò:

Mo ti pinnu. Màá tọ́jú owó jọ fún oṣù márùn-ún, màá fi àkókò náà kàwé, màá sì ṣe àyẹ̀wò ìlera ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta láàárọ̀ ni màá máa lọ. Ìyàwó mi ti fọwọ́ sí i.

Àwòdì-Òkè:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ kẹta kún un nínú ìwé ètò ilé-ẹ̀kọ́. Òjò, kùrukùru, atẹ́gùn àti àtúnṣe bàálù yóò gba ọ̀kan lọ́wọ́ yín lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fò lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́ta ni kí ó forúkọ sílẹ̀ fún.

Akápò (lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án):

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dá fò ní àárọ̀ Àbámẹ́ta tó kọjá, ní wákàtí 23 mi.

Lẹ́yìn ìbalẹ̀ mẹ́ta tó dán, olùkọ́ ní kí n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí n pa ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ di àga òfìfo náà kí ó má bàa ṣe mí ní ìdíwọ́, ó pa ilẹ̀kùn dé. Bàálù tí mo ti mọ̀ fún oṣù mẹ́rin di òmíràn mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwúwo èèyàn kan tó kúrò nínú rẹ̀ mú kí ó gbéra kí n tó retí rẹ̀, ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà sì pé nígbà tí mo ṣì wà níbi tí a kì í tíì pé e. Mo gbọ́ ohùn ara mi lórí rédíò, ó dúró ṣinṣin.

Ìbalẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Ní èkejì, mo ga jù bí mo ti ń bọ̀ sójú ọ̀nà. Mo rí i pé bí mo bá ti imú rẹ̀ sísàlẹ̀ láti fi ipá débẹ̀, eré á pọ̀ jù. Ohun tí mo ti sọ síta lórí àga nílé ní àìmọye alẹ́ ni ẹnu mi tún sọ: agbára dé òpin, imú sókè, kí a tún yí ká. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo tún yí ká, mo balẹ̀, mo sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀rọ̀ ìyípo yẹn ni olùkọ́ kọ́kọ́ kí mi fún, kí ó tó kí mi fún ìbalẹ̀ kankan.

Àlàfo tó gùn jù tí mo ní láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 12, nígbà tí ọmọ mi ṣàìsàn. Ẹ̀kọ́ kan ni mo fi san án.

Arìnrìnàjò:

Ẹ kú oríire, Akápò! Mo ti bá olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní òun ṣì máa wà níbẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a máa bẹ̀rẹ̀.

Àwòdì-Òkè:

Inú mi dùn sí ẹ̀yin méjèèjì. Akápò, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ìfọwọ́sí tí olùkọ́ ṣe fún yín láti dá fò: ọjọ́ 90 péré ni ó ń lò lábẹ́ òfin tí ẹ wà. Èyí tó kàn ni ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn, èyí tí ẹ óò dá fò tó 150 máìlì òfurufú (nautical mile), tí ẹ óò sì balẹ̀ dúró ní ibi mẹ́ta. Ẹ ti ra àwòrán ilẹ̀?

Akápò:

Ó wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí. Mo ti fi rúlà fa ìlà àkọ́kọ́.